Ọ̀wẹ̀ Láìsí Iyán

Mo júbà kí n tó bú ẹnikẹ́ni. Mo júbà àgbà, mo júbà ọmọdé, mo júbà onílé tí mo jẹ lówó oṣù méjì, mo sì júbà ìyàwó mi tó máa ń ka ìwé yìí kí èmi gan-an tó rí i rà. Ẹni tí mo fẹ́ fi ṣẹ̀fẹ̀ lónìí kò lẹ́nu tí yóò fi fèsì, ìdí nìyẹn tí ara fi yá mi báyìí. Kọ̀ǹpútà ni.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀lẹ ló wà lórí tábìlì yín. Ẹ má jẹ́ kí fáànù inú rẹ̀ tó ń ké bí ẹ̀rọ ìlọta tàn yín jẹ; ariwo ọ̀lẹ ni. Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo ṣí ojú ibi tí kọ̀ǹpútà ti máa ń jẹ́wọ́ bí iṣẹ́ ṣe wọ̀ ọ́ lọ́rùn tó. Mo ń kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ sí onílé lọ́wọ́, mo fi orin Àyìnlá Ọmọwúrà sí i lábẹ́. Ohun tó kọ síbẹ̀ ni pé ìdá 4 nínú 100 agbára òun lòun ń lò. Mẹ́rin! Ìdá 96 tó kù ńkọ́? Ó káwọ́ gbera, ó ń wò mí níran, ó ń retí ìgbà tí ìka mi kan ṣoṣo yóò rí lẹ́tà "ṣ" níbi tó sá pamọ́ sí. Láàárín títẹ̀ kan sí èkejì, ohun tí ì bá ti ṣírò lé ní bílíọ̀nù kan. Ọmọ iṣẹ́ wo lẹ máa gbà sọ́dọ̀ tí yóò jẹun odindi ọjọ́ kan tán, tí yóò ṣiṣẹ́ wákàtí kan péré, tí yóò fi wákàtí 23 tó kù máa wo òrùlé?

Òyìnbó ló kọ́kọ́ bínú sí i. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, ní ilé ìwádìí Xerox tó wà ní Palo Alto, California, John Shoch àti Jon Hupp ṣàkíyèsí pé bí àwọn òṣìṣẹ́ bá ti lọ sílé lálẹ́, kọ̀ǹpútà tó lé ní 100 ló ń sùn káàkiri ilé náà. Wọ́n bá kọ ètò kan tó ń gba ojú okùn tó so wọ́n pọ̀ rìn láti orí ọ̀kan dé òmíràn, tó ń kan ilẹ̀kùn pé ṣé ẹnikẹ́ni wà ńlé. Bí kò bá sí ẹni tó dáhùn, ó wọlé, ó gbé iṣẹ́ kalẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ ní Aràn. Ẹ gbọ́ orúkọ! Orúkọ ń ro ọmọ. Ẹ̀yin sọ ọmọ yín ní aràn, kí lẹ rò pé yóò ṣe nínú? Lálẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n dá aràn kékeré kan sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́, wọ́n lọ sùn. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n dé, kọ̀ǹpútà ti kú sílẹ̀ lọ bẹẹrẹ. Ẹni tó bá jí tirẹ̀ dìde, aràn á tún wọ inú rẹ̀ lọ, á tún pa á. Ọpẹ́ ni pé wọ́n ti po oògùn aràn sílẹ̀: ìkéde kan ṣoṣo tó ń gba orí okùn lọ, tó ń pa gbogbo aràn tó bá bá lọ́nà. Wọn ò tijú, wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fáyé kà ní 1982. Èmi ì bá ti bo tèmi mọ́lẹ̀.

Ní 1988, àwọn ti Yunifásítì Wisconsin ní Madison, tí Miron Livny wà láàárín wọn, gbé tiwọn jáde. Wọ́n sọ ọ́ ní Condor. Ṣé ẹ mọ ohun tí condor jẹ́? Igún ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni. Láti orí aràn, a bọ́ sórí igún! Iṣẹ́ igún yìí ni kó máa rà bàbà lókè, kó máa wá kọ̀ǹpútà tí olówó rẹ̀ ti lọ jẹun, kó sì bà lé e. Ṣùgbọ́n igún yìí lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Bí ẹni tó ni kọ̀ǹpútà bá ti padà dé, tó fọwọ́ kan bọ́tìnì kan péré, igún á sàmì sí ibi tó bá iṣẹ́ dé, á kó ẹrù rẹ̀, á fò lọ bá a lọ níbòmíràn. Àbúrò bàbá mi kan wá kí wa fún ọjọ́ mẹ́ta nígbà tí àwọn ìbejì wa wà ní jẹ́léósinmi. Àwọn ìbejì ti wọ yunifásítì. Àbúrò bàbá mi ṣì wà ní pálọ̀, rìmóòtù wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ bá mi bi àwọn ará Wisconsin bóyá wọ́n ń gba akẹ́kọ̀ọ́ àgbà.

Kò sí awo kankan nínú ọ̀rọ̀ náà. Iṣẹ́ ńlá wà tí kọ̀ǹpútà kan ò lè dá gbé, kọ̀ǹpútà rẹpẹtẹ sì wà tí kò ríṣẹ́ ṣe: ẹ gé iṣẹ́ náà wẹ́wẹ́, ẹ pín in kiri, ẹ gba èsì, ẹ tò ó pọ̀. Bàbá bàbá mi ṣe é láìjókòó ní kíláàsì kankan. Wọ́n fẹ́ mọlé, wọ́n pe ọ̀wẹ̀. Ẹnìkan ń po amọ̀, ẹnìkan ń gbé e, ẹnìkan ń mọ ọ́n, ilẹ̀ ò tíì ṣú tí ògiri fi dé àyà. (Ẹni tó bá ti ń la ẹnu láti pa òwe àgbájọ ọwọ́, kó gbé e mì. A ti gbọ́ ọ.) Kì í sì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ló ṣeé pè lọ́wẹ̀. Bí ẹ bá ní iṣu 2,000 láti bó, ẹ pe igba èèyàn, ọ̀bẹ á dún, ó tán. Ṣùgbọ́n ìkòkò ẹ̀wà kan tó wà lórí iná, bí igba èèyàn bá yí i ká, kò ní tètè jinná. Wọ́n á kàn bá yín jẹ ẹ́ tán ni. Iṣẹ́ tí apá kan rẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró de apá kejì, ẹ̀wà ni. Iṣẹ́ tí gígé kọ̀ọ̀kan rẹ̀ dá dúró láyè ara rẹ̀, iṣu ni. Iṣu ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Ọ̀wẹ̀ tó gbayì jù nínú wọn, ẹ ò ní gba ohun tí wọ́n torí rẹ̀ pè é gbọ́. Ní ọjọ́ 17 oṣù Karùn-ún ọdún 1999, Yunifásítì California ní Berkeley bẹ aráyé pé kí wọ́n wá bá àwọn wá ará ọ̀run. Ará ọ̀run! Òyìnbó, ẹ ò bá ti bi wá. A ní wọn ní Ìbàdàn, ọdọọdún ni wọ́n ń jáde, wọ́n ń na èèyàn ní pàṣán, wọ́n sì ń gbowó lé e. Àmọ́ irú tí Berkeley ń wá kì í da aṣọ borí. Ẹ̀dá tó bá ń gbé lẹ́bàá ìràwọ̀ mìíràn, tó lè máa fi rédíò ránṣẹ́, ni wọ́n ń tẹ́tí sí. Wọ́n pe ètò náà ní SETI@home.

Etí tí wọ́n ń lò wà ní Arecibo ní Puerto Rico: àwo kan tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 305, tí wọ́n tẹ́ sínú kòtò láàárín òkè. Ohun tí àwo yìí bá gbọ́, wọ́n á gbà á sórí téèpù. Ṣé ẹ wá fẹ́ mọ bí téèpù ṣe ń dé Berkeley? Íntánẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ tín-ín-rín jù, ilé ìfìwéránṣẹ́ ni wọ́n ń gbé e gbà. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: àwọn tó ń retí ìpè láti ojú sánmà ń dúró de póòsì. Bí téèpù bá dé, wọ́n á gé e bí ẹní gé ẹran ìnáwó. Gígé kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìró ojú sánmà fún ìṣẹ́jú-àáyá 107, kò sì ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta mẹ́gábáìtì kan. Fọ́tò àríyá tí ẹ fi ń yọ wá lẹ́nu lórí WhatsApp wúwo jù ú lọ. Wọ́n á fi gígé kan ránṣẹ́ sí ilé yín. Bí ẹ bá dìde lọ gbé omi kaná, kọ̀ǹpútà á fura pé ẹ ti lọ, ojú rẹ̀ á yí padà, àwòrán aláwọ̀ mèremère á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ gòǹgò bí orí òkè, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó lé ní mílíọ̀nù 5 èèyàn tó wá sí ọ̀wẹ̀ yìí, ó sì gba ọdún 20 àti díẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 2020, Berkeley ní kí wọ́n sinmi, àwọn ò pín iṣẹ́ mọ́. Ará ọ̀run kankan kò dáhùn. Nígbà tó di oṣù Kejìlá ọdún yẹn kan náà, àwo Arecibo wó lulẹ̀. Ó ti rẹ etí pàápàá.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ òótọ́. Ẹni tó bá pe ọ̀wẹ̀ nílẹ̀ wa tí kò gún iyán, tí kò gbé ẹmu kalẹ̀, títí ayé ni wọ́n á fi máa sọ ọ́. Kí ni Berkeley gbé kalẹ̀? Máàkì. Nọ́ńbà lásán. Kò ra gààrí, kò san owó iná, ẹ ò lè fi fẹ́yàwó. Síbẹ̀ àwọn èèyàn ya wèrè lé e lórí. Wọ́n kó ara wọn lẹ́gbẹ́ lẹ́gbẹ́, wọ́n ń fi máàkì yangàn síra wọn. Kò pẹ́, àwọn kan lọ fọwọ́ sí sọ́fítíwíà náà lábẹ́lẹ̀, kó lè máa sọ pé òun ti ṣe iṣẹ́ tí kò ṣe. Ẹni tí ẹnikẹ́ni ò sanwó fún, tí ẹnikẹ́ni ò fipá mú, ló ń yọ́ iṣẹ́ sílẹ̀! Mo ti rí olè owó, mo ti rí olè adìyẹ. Olè máàkì tí kò ṣeé ná, ìyẹn ló fẹ́ fi ẹ̀rín pa mí.

Berkeley bá gbọ́n. Iṣẹ́ kan náà, wọ́n á fi rán ẹni méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí wọn ò mọra, wọ́n á wá fi èsì wọn wéra. Bó bá bára mu, ó ṣe; bí kò bá bára mu, wọ́n á wá ẹlẹ́kẹta. Ìyá mi ò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí, ọgbọ́n tí wọ́n sì ń dá lórí owó ata nìyẹn: wọ́n á rán mi lọ béèrè iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà, wọ́n á dọ́gbọ́n rán ẹ̀gbọ́n mi gba ọ̀nà ẹ̀yìn, wọ́n á wá jókòó gbọ́ ẹnu wa níkọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó ríbi jẹ ṣéńjì nílé wa.

Ẹni tí mo káàánú jù ni ọkùnrin kan ní Georgia, ní Amẹ́ríkà. Ó ń bójú tó kọ̀ǹpútà ilé-ẹ̀kọ́ kan níbẹ̀. Ó rí i pé ọ̀lẹ ni gbogbo wọn, ó bá fi sọ́fítíwíà distributed.net sórí wọn, èyí tó ń pe èèyàn lọ́wẹ̀ láti tú ọ̀rọ̀ àṣírí tí wọ́n fi ń díje. Kò tọrọ àyè. Ìjọba ìpínlẹ̀ fi òfin gbé e, wọ́n ní íntánẹ́ẹ̀tì tó jẹ jẹ́ sẹ́ǹtì 59 ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ sì lé ní 400,000 dọ́là. Nígbà tí wọ́n máa parí rẹ̀ ní 2002, ó san 2,100 dọ́là, wọ́n sì fi iṣẹ́ ìlú wákàtí 80 kún un. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì, ọ̀lẹ tó wà lórí tábìlì níbẹ̀, ọ̀lẹ ọ̀gá yín ni. Ẹ tọrọ rẹ̀ kí ẹ tó yá a fáyé.

Orúkọ tí wọ́n tún ń pe pípín iṣẹ́ kọ̀ǹpútà báyìí, ìyẹn gíríìdì, ńkọ́? Ní 1998, Ian Foster, tó wà ní ilé ìwádìí Argonne nítòsí Chicago, àti Carl Kesselman ti Yunifásítì Southern California, gbé ìwé ràbàtà kan jáde tí wọ́n pè ní The Grid. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé bí èèyàn ṣe ń ki wáyà bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, tí iná á dé láìbéèrè odò tó ti wá, bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kí agbára kọ̀ǹpútà máa wọlé. Ara gíríìdì iná mànàmáná ni wọ́n ti yá orúkọ náà.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo ní ẹ má rẹ́rìn-ín!

Ó dáa, ẹ rín in tán. Àwọn èèyàn yìí ń wá orúkọ fún ohun tó dájú, tó ń dé nígbàkigbà, tí kì í jáni kulẹ̀, wọ́n lọ mú gíríìdì. Ní Nàìjíríà níbí, lọ́dún 2024 nìkan, gíríìdì wó lulẹ̀ léraléra débi pé ọmọ kékeré mọ ọ̀rọ̀ náà kó tó mọ ABD. Bí wọ́n bá ti bi ará Mushin kan ṣoṣo, ì bá gbà wọ́n nímọ̀ràn. Àwa tí a ní gíríìdì la kọ́kọ́ sá kúrò níbẹ̀, tí oníkálukú ra jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń pè ní "I better pass my neighbour." Orúkọ yẹn nìkan ti tó kéèyàn fi mọ̀ pé a kì í pín agbára fún ara wa.

Ibi tí orúkọ náà ti rí ẹni gbé e níyì ni ilé ìwádìí CERN, lẹ́bàá Geneva. Ihò roboto kan wà lábẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀ tí yíyípo rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 27. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n lé àwọn nǹkan tó kéré ju kí ojú rí lọ sáré yí i po láti apá méjì, kí wọ́n fi orí sọ orí. Ìjà àgbò, bí ẹ bá bi mí. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń kọ sílẹ̀ nípa ìjà náà pọ̀ ju ohun tí ilé kan lè gbà lọ. Wọ́n bá pe àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn: ibùdó kọ̀ǹpútà bí 170 ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 40. Wọ́n tò wọ́n bí ìjòyè. Geneva ni ààfin. Lyon, Karlsruhe, Bologna àti àwọn mìíràn ni ìjòyè ńlá. Àwọn baálẹ̀ wà lábẹ́ wọn lọ súà. Onímọ̀ kan lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ kó lọ jẹun, kò ní mọ̀ bóyá Lyon ló ti ń lọ lọ́wọ́ tàbí Karlsruhe, kò sì kàn án. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe yẹ ìjà àgbò náà wò títí wọ́n fi kéde ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 2012 pé àwọn ti rí nǹkan tuntun kan tó kéré ju kí ojú rí lọ, tó jọ èyí tí wọ́n ń pè ní Higgs, tí wọ́n ti ń wá tipẹ́.

Ní ọjọ́ 9 oṣù Kọkànlá ọdún 2017, páìpù omi ńlá kan bẹ́ ní ìgboro Bologna, omi ya wọ ibùdó tí wọ́n ń pè ní CNAF, ó bá kọ̀ǹpútà nílé. Ọ̀kan nínú àwọn ìjòyè ńlá nìyẹn o. Bologna ń gbọ́n omi, ààfin ò sì dá kẹ́. Wọ́n darí iṣẹ́ sọ́dọ̀ àwọn yòókù, ó ń lọ. Tiwa ńkọ́? Wáyà kan á sín níbì kan, òkùnkùn á ṣú láti Sókótó dé Àgbádárìgì. Kí n má purọ́ mọ́ àwọn oníná ṣá: iná inú gíríìdì gbọ́dọ̀ máa lù ní ìlù kan náà káàkiri, ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, bí ẹnìkan bá ṣi ìlù lù, gbogbo agbo lè dàrú. Ẹni tó ń bó iṣu ní Lyon kò bá ọ̀bẹ Bologna ṣe ìlù kankan. Wọ́n yá orúkọ gíríìdì, wọn ò yá àìsàn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ n ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ nítorí àwọn ọmọ ìsinsìnyí tó rò pé ọ̀kan náà ni gbogbo rẹ̀. Ti SETI, ọ̀wẹ̀ ni: ẹnìkan ló pè é, ẹni tó wù ló wá, ẹni tó bá rẹ̀ á lọ sílé. Ti CERN, àáró ni: mo wá sóko yín lónìí, ẹ ó wá sí tèmi lọ́túnla, a kọ ọ́ sílẹ̀, a fọwọ́ sí i, a mọ ẹni tó mú ọkọ́ tó kú wá, ẹni tí kò bá sì ní ìwé ẹ̀rí tí kọ̀ǹpútà lè yẹ̀ wò kò ní dé ẹnu ààlà. Èyí tí Amazon àti Google ń tà, tí wọ́n ń pè ní àwọsánmà, kò sí nínú méjèèjì. Alágbàṣe ni. Owó yín wọlé, wọ́n ro oko. Owó tán, wọ́n gbé ọkọ́ wọn láàárín poro.

Mi ò ní fi ẹ̀fẹ̀ bo iyì ọ̀wẹ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà tí Kòrónà sé wa mọ́lé ní 2020, Folding@home, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Stanford ní 2000, ké sí aráyé kí wọ́n wá bá òun ṣírò bí àwọn èròjà inú kòkòrò náà ṣe ń ká tí wọ́n ń nà. Lára àwọn tó sáré jáde ni àwọn ọmọ tó ń fi kọ̀ǹpútà gbá géèmù, tí ìyá wọn ti ń bú látọdún yìí wá. Àpapọ̀ ìṣirò ọ̀wẹ̀ náà kọjá bílíọ̀nù lọ́nà bílíọ̀nù ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kò sí kọ̀ǹpútà ìjọba kankan láyé tó tó o nígbà náà. Ọmọ tí ẹ ní kò ní da nǹkan nìyẹn.

Tàbí ti Einstein@Home, tí òun náà jẹ́ ọ̀wẹ̀ tó ń wá ìràwọ̀. Ní 2010, kọ̀ǹpútà tọkọtaya kan ní Ames, ní Iowa, àti ti ọkùnrin kan ní Mainz, ní Jámánì, ṣe gígé iṣẹ́ kan náà, èsì wọn sì bára mu: ìràwọ̀ kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ tẹ́lẹ̀, tó ń yí lórí ara rẹ̀ bí ìgbà 41 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Etí Arecibo náà ló gbọ́ ọ. Kì í ṣe tọkọtaya yẹn ló rí i o. Ọ̀lẹ orí tábìlì wọn ni.

Ìtàn yẹn ló kó sí mi lórí. Mo gba sọ́fítíwíà wọn sórí láptọ́ọ̀pù, mo fi orúkọ sílẹ̀, mo pe ìyàwó mi. "Ìyá Ìbejì, láti òní lọ, ẹ̀rọ yìí ń wá ìràwọ̀."

"Bàbá Ìbejì, ọṣẹ ti tán nílé."

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ dé, wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, ìdá 4 ti di ìdá 100. Ọ̀lẹ ti jí! Ó gbóná débi pé àbúrò bàbá mi gbé ife tíì wọn lé e kó má bàa tutù. Iná lọ. Bátìrì tó máa ń lo wákàtí mẹ́ta kú ní ìṣẹ́jú 40. Mo tan jẹnẹrétọ̀. Aládùúgbò yọjú lórí fẹ́ǹsì, ó ní ṣé a ń ṣe àìsùn òkú ni. Mo ní ìràwọ̀ là ń wá. Ó rọra sọ̀ kalẹ̀. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, a ti ṣe ìdá 71 iṣẹ́ náà. Lọ́jọ́ kẹtàlá, ìdá 93. Lóru ọjọ́ kẹrìnlá, epo tán ní ìdá 98.

Nígbà tí iná dé láàárọ̀, àsìkò ti kọjá. Wọ́n ti gba gígé náà lọ́wọ́ mi, wọ́n ti gbé e fún ẹlòmíràn níbòmíràn. Máàkì mi: 0. Mo ṣàlàyé fún Ìyá Ìbejì pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, pé bí ẹnìkan bá ṣubú nínú oko, ẹlòmíràn á gba ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, iṣẹ́ ò ní dúró. Mo tilẹ̀ mẹ́nu ba Bologna.

Ó ń gbọ́ mi, ó ń wo kẹ́ẹ̀gì epo tó ṣófo. "Ẹni tó gbà á lọ́wọ́ yín yẹn," ó ní, "ṣé wọ́n ní pálọ̀ nílé wọn?"

Ẹnìkan yí ohùn tẹlifíṣọ̀n sókè.